Ẹ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dán ẹ̀rọ looper wò kí ẹ tó sanwó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn olórin sọ̀rọ̀, àwọn tó ń dá nìkan ṣeré lórí ìtàgé, tí wọ́n ń gba ohùn tàbí gìtá sínú looper (ẹ̀rọ tó ń gba orin sílẹ̀, tó sì ń yí i léraléra), tí wọ́n sì ń kọ òmíràn lé e lórí.

Iye ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ yín ń bèèrè. Mi ò rò pé òun ló yẹ kó ṣáájú. Nígbà tí orin bá ti ń yí, ṣé ọwọ́ yín á bá bọ́tìnì tí ẹ ń wá láìwolẹ̀? Ẹ̀rọ tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ rà. Èyí tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó lè dín delay (èyí tó ń dá ohùn padà bíi gbohùngbohùn) kù, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé ìgbohùnsílẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ looper tó ní ibi ìtẹ̀ kan péré, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa yára tẹ̀ ẹ́ kó tó dákẹ́, orin á sì ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró sí. Ẹ wá èyí tí ibi ìdúró rẹ̀ dá wà.

Ibi tí ẹ to pẹ́dàlì (àwọn ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bíi looper àti delay) sí ló wá ṣe pàtàkì jù. Ohun tó bá ṣáájú looper á wọnú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Bó bá ti wọlé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa kan gbogbo ohun tó ń jáde. Nítorí náà, distortion (tó ń mú ohùn ha) àti wah (tó ń mú gìtá dún bí ẹni ń pe “wà”) gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí bí distortion bá wà lẹ́yìn, gbogbo ìpele orin tí ẹ kọ léra á lọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ fi reverb (tó ń mú ohùn dún bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) àti filter (tó ń gé apá kan ohùn kúrò) sẹ́yìn. Ẹ rọra yí filter yẹn, gbogbo orin á rọlẹ̀ bí èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ẹ tún yí i padà, á là gbàgà.

Àkókò ńkọ́? Bí lílù bá jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, lílù kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 500 (ìdajì ìṣẹ́jú àáyá), bar 4 tó ní lílù mẹ́rin-mẹ́rin sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8. Bí ẹsẹ̀ yín bá fi mílísẹ́kọ́ǹdì 50 péré pẹ́ láti tẹ looper kó parí ìgbàsílẹ̀ náà, bí looper bá máa fi yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti fi odidi lílù kan gbẹ́yìn onílù. Orí “ọ̀kan” bar karùn-ún ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá pe “mẹ́rin” tán. Looper àti delay tó ń gba MIDI clock (àmì ìlù tí ẹ̀rọ kan ń fi ránṣẹ́ sí òmíràn) á lè jọ rìn.

Iná náà tún wà níbẹ̀. Fólítì 9 ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń lò, àmọ́ ẹ ka iye mA (ìwọ̀n iná) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, kí ẹ ro ó pọ̀. Bí àwọn pẹ́dàlì díjítà bá jọ ń mu iná lẹ́nu wáyà kan, wọ́n sábà máa ń kùn bí yànmùyánmú, looper á gba ìkùn náà sílẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì máa fi kún un. Ẹ ra ẹ̀rọ iná tí ẹnu kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró.

Ẹ̀yin akọrin, ẹ má ki máíkì bọ pẹ́dàlì gìtá ní tààrà. Ohùn rẹ̀ kéré jù, ó nílò preamp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkì sókè). Bó bá jẹ́ condenser (irú máíkì tó nílò iná), ẹ rí i pé preamp náà ń fún un ní fólítì 48.

Nílé ìtajà, ẹ gba bar 4 sílẹ̀, ẹ kọ ìpele márùn-ún lé e, ẹ dijú, kí ẹ wá bọ́tìnì delay. Lẹ́yìn náà, ẹ gba bar 4 mìíràn láìkọ nǹkan kan, ẹ kó ìpele márùn-ún òfìfo lé e, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó ń kùn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín