Ìrókò tí mo bá ní Lọ́ńdọ̀nù

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrójú wa. Ara gbogbo wa le.

Bọ̀dá ní ẹ ò sùn dáadáa látìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi ń wa bọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ báyìí. Ẹ ní ṣé iṣẹ́ káfíńtà ni mo wá ṣe nílùú òyìnbó ni. Màmá, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé àtijọ́ kan nítòsí wa, wọ́n ń ta pákó orí tábìlì ibẹ̀. Mo ra mẹ́rin. Ṣíngọ́ọ̀mù gbígbẹ kún abẹ́ wọn, àwọn ọmọ ti fi ọ̀bẹ ha orúkọ sí i lára. Bí mo ṣe fá ìdọ̀tí òkè kúrò, ó pupa rúsúrúsú, eruku rẹ̀ sì mú mi sín léraléra. Ìrókò ni! Orúkọ yìí náà ni òyìnbó ń pè é. Igi ìdígbó náà, orúkọ tiwa ni wọ́n fi ń tà á.

Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń sọ ní ìsọ̀ Bódìjà pé òkúta ń gbé inú ìrókò? Ayùn mi pàdé ẹ̀. Eyín méjì kán. Mo gbé òkúta funfun náà sí àtẹ́lẹwọ́, kò ju kóró àgbàdo lọ, mo bú sẹ́kún. Bàbá ni ǹ bá pè.

Àwọn tó rí bẹ́ǹṣì tí mo fi ṣe ló ń bẹ̀ mí níṣẹ́ títí dòní. Owó pákó nìkan ni mo ń kà nígbà náà. Ìyàwó mi ló mú bírò jókòó tì mí: ìrọ̀lẹ́ márùn-ún lórí àga kan, èrè £60! Wákàtí ni mò ń kà báyìí. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí, torí bí owó tó wọlé nídìí iṣẹ́ àdáni bá ti kọjá £1,000 lọ́dún, dandan ni.

Owó oògùn yín ò ní yẹ̀. Ti ilé tí à ń kọ́ ni kí Bọ̀dá jọ̀ọ́ dá dúró di oṣù Kẹsàn-án.

Ìfági Bàbá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ fún ẹni tó ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Inú báàgì ńlá ni kó kó o sí o, wọn ò ní jẹ́ kó gbé e lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ẹnikẹ́ni má pọ́n ọn. Èmi ni màá pọ́n ọn.

Ọmọ yín,
Àjàní