Kí Dókítà Ojú Àwọn Ọmọ Yín Tó Fẹ̀yìntì

Sí Olóòtú,

Bí dókítà ojú àwọn ọmọdé bá fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdágbére àti ẹ̀bùn ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìtọ́jú wọn ò tíì parí ńkọ́? Kí òbí tó kí i pé ó dàbọ̀, kí ó gba ẹ̀dà káàdì ọmọ rẹ̀.

Kí wọ́n kọ bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń ríran sí i, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà awò tí ọmọ ń lò àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú wo ni, iṣan wo ni wọ́n fọwọ́ kàn? Bí wọ́n bá ti fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú ojú rẹ̀, kí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sílẹ̀.

Ojú tó ya ọ̀lẹ ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń já jù. Ojú yìí lè mọ́ gaara, ọpọlọ ni kì í kọbi ara sí ohun tó ń rán sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bo ojú tó dára. Awò la máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ, nítorí awò nìkan a máa tún àwọn mìíràn ṣe. Bí kò bá tó, ìbojú wákàtí 2 lójúmọ́ tó fún èyí tí kò le púpọ̀. Èyí tó le lè gbà tó wákàtí 6. Awọ ara yíká ojú ni kí ẹ lẹ ìbojú náà mọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ awò, torí ọmọ á yọjú wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (àwọn ọmọ gbọ́n lórí èyí!). Ọmọ tí kò bá gba ìbojú rárá, a lè kán oògùn atropine sí ojú rẹ̀ tó dára, kí ìran ibẹ̀ ṣú fún nǹkan tó wà nítòsí.

Bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, òbí á dá ìbojú dúró lójijì, tàbí kó máa bò ó lọ títí ojú tó dára náà á fi rẹ̀yìn. Nínú ọmọ 4 tí ojú wọn ti sunwọ̀n, bí 1 ni ojú rẹ̀ máa ń padà bàjẹ́ láàárín ọdún kan tí wọ́n ṣíwọ́. Ẹni tó ń bò ó fún wákàtí 6, kí ó kọ́kọ́ dín in kù sí 2.

Àwọn kan wà tí kò lè dúró de ẹni tuntun rárá. Ọmọ ọwọ́ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2 ló sábà máa ń wà láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì. Ọmọ tí wọ́n ti yọ kàtárákítì (lẹ́ǹsì inú ojú tó ṣú) fún, ìfúnpá omi inú ojú rẹ̀ lè ru sókè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Títí ayé ni wọ́n á máa wọ̀n ọ́n. Bí ọmọlójú bá sì funfun nínú fọ́tò, ẹ gbé ọmọ lọ kíákíá sí dókítà ojú tó bá wà nítòsí.

Fún àwọn ilé ìwòsàn, dókítà ojú àgbàlagbà kì í ṣe àfirọ́pò lójú ẹsẹ̀. Bí a kò bá kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú, tó sì ń dẹ iṣan ojú, kí a tó yẹ ọmọ wò, iṣan ojú ọmọ á máa fún pọ̀, nọ́ńbà awò rẹ̀ á sì jẹ́ irọ́. Kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n jọ ka orúkọ gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ ìbojú, kí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ kí ọ́fíìsì tó dákẹ́.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ojú àwọn ọmọdé