Ẹ má gé oko kòkó sí wẹ́wẹ́

Olóòtú,

Ẹ̀yin ẹbí tó ń pín oko kòkó l'Ákùúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ wo Albáníà, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù. Ní 1991, òfin 7501 pín ilẹ̀ alájẹṣẹ́kù ìjọba kọ́múnísì fún àwọn ará abúlé, iye orí inú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ṣírò. Kó má baà sí ojúsàájú, ilé kan gba díẹ̀ nínú ilẹ̀ ọlọ́ràá, díẹ̀ lórí òkè, díẹ̀ níbi tí omi ń dé. Hẹ́kítà kan lé díẹ̀ péré ló ń kan ọ̀pọ̀ ilé, ó tún wá fọ́n káàkiri! Katakata kò rí àyè yí. Kòtò omi tó gba oko ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kò ní ẹni tí yóò kó ẹrẹ̀ rẹ̀, ó sì dí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín èrè, ẹ má pín ilẹ̀. Ẹ wọn oko, ẹ kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀, kí ẹnìkan máa bójú tó o, kí ẹ yọ owó oògùn àti ti lébìrà kí ẹ tó pín owó.

Láti Àkúrẹ́