Èémí agunkẹ̀kẹ́ tó eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, ojúgun rẹ̀ ni kò tíì tó o

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń sún mọ́, tí eré ẹlẹ́mìí ẹṣin (marathon) ìlú Èkó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje pé: “Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí márùn-ún láìsọ̀ kalẹ̀, kí ni eré sísá wákàtí mẹ́rin fẹ́ fi í ṣe?” Àwọn olùkọ́ni pàápàá ń sọ ọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì ló ń gbé àwọn ọ̀dọ́ wa dé iwájú teguntegun, òun ló sì mú mi kọ̀wé.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni pé agunkẹ̀kẹ́ tó ti díje fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin ti ní ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń kó ọ́síjìn dáadáa, àti iṣan tó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rá ara ṣiṣẹ́ fún wákàtí gígùn. Ó tún ti kọ́ bí a ṣe ń fara da ìnira. Gbogbo èyí ló ń bá a sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Adam Yates, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò kẹrin nínú Vuelta, ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Sípéènì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Barcelona ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 44. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń sáré fún ogún ọdún tí wọn kò wọ abẹ́ wákàtí mẹ́ta rí.

Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ti àwọn tí eré sísá jẹ́ iṣẹ́ wọn. Lance Armstrong, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, sá ti New York ní 2006 ní 2:59:36. Wọ́n ti gba ipò kìn-ín-ní méjèèje tó ní ní Tour de France, ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Faransé, lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2012 nítorí oògùn tí òfin kà léèwọ̀, mi ò sì fi í ṣe àpẹẹrẹ ìwà fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Àkókò tó fi sáré ni mo ń sọ. Ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà, Marílson Gomes dos Santos ti Bùràsíìlì, fi 2:09:58 parí tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 5 ni ọmọ Bùràsíìlì yìí ń lò lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 15 ni Armstrong ń lò. Lẹ́yìn ìje náà ó ní ara òun kò rí ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó di ọdún kejì, ó padà wá sá 2:46:43. Lójú mi, kì í ṣe èémí ló fi kún èyí tó ní láàárín ọdún kan yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kẹ́kọ̀ọ́.

Kí wá ni ẹsẹ̀ agunkẹ̀kẹ́ kò mọ̀? Ẹ wo ẹni tó ń fa omi lẹ́bàá kànga. Bí a bá ń tẹ pẹ́dà, iṣan itan a kì, a sì tú sílẹ̀, bí apá ẹni tó ń fa garawa bọ̀ wá sókè. Bí a bá ń sáré, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, iṣan yẹn kan náà gbọ́dọ̀ di ara mú nígbà tó ń nà lọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ garawa tó kún fọ́fọ́ padà sínú kànga díẹ̀díẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí okùn já mọ́ òun lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìdádúró yìí ló ń ya fọ́nrán inú iṣan, agunkẹ̀kẹ́ kì í sì í ṣe é rárá. Kò ní dùn ún lọ́jọ́ tó sáré. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú.

Iṣan gìgísẹ̀ tún wà níbẹ̀. Lára ẹni tó ti ń sáré tipẹ́, iṣan líle tó so gìgísẹ̀ mọ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń ṣe bíi rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ: ó ń nà nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, ó sì ń dá agbára náà padà nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ kúrò nílẹ̀. Bàtà agunkẹ̀kẹ́ le bíi pákó lábẹ́, wọ́n sì há a mọ́ pẹ́dà, nítorí náà ọrùn ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Agunkẹ̀kẹ́ tó bá wá ń sáré á máa fi iṣan itan san owó ohun tí ẹlòmíràn ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ìwọ̀n ara kún un. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ènìyàn, ẹni tó wọn kílò 85 tí itan rẹ̀ lágbára lè máa ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́. Nínú eré sísá, kò sí kílò kan tí a kò ní fi ẹsẹ̀ ara wa gbé.

Egungun ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ibẹ̀ ni mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ ti fara balẹ̀ kà mí. Bí ènìyàn bá ń sáré, agbára tó ń ba ẹsẹ̀ nígbà tó bá kanlẹ̀ a máa tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara. Fún ẹni tó wọn kílò 70, ìyẹn jẹ́ kílò 140 sí 210, lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tó jẹ́ kìlómítà 42.195 gba ìṣísẹ̀ bí 35,000 sí 40,000. Egungun sì jẹ́ ohun tí gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ ń mú le. Èyí tí a kò bá gbọ̀n kì í le. Wákàtí mẹ́wàá tí agunkẹ̀kẹ́ ń lò lọ́sẹ̀, orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló wà. Ìdí nìyí tí eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń díje lórí kẹ̀kẹ́ fi ń fúyẹ́ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, pàápàá àwọn tó ń febi pa ara wọn kí wọ́n lè fúyẹ́ fún òkè gígùn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ọmọbìnrin agunkẹ̀kẹ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà eré sísá kí ó tó rí dókítà.

Nígbà tí ẹrù tuntun bá dé bá egungun, ara á kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀ kúrò nínú èyí tó ti gbó kí ó tó mọ tuntun sí ipò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà. Láàárín ìgbà náà, egungun kò le tó bó ṣe wà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá rí, èémí rẹ̀ ló ń gbà á: bó bá sá kìlómítà méjì, ó ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ti jókòó. Búréèkì tirẹ̀ nìyẹn. Agunkẹ̀kẹ́ kò ní búréèkì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó sá kìlómítà mẹ́wàá, èémí rẹ̀ kò yí padà, ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, egungun ojúgun tàbí ti orí ẹsẹ̀ ti sán bí ìkòkò.

Ẹ wo ẹni tó ti òdìkejì wá. Michael Woods ti Kánádà sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 57.48 ní 2005, ọmọ ọdún 18 péré ni. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sán ní àsántúnsán títí ó fi pa eré sísá tì. Ó gun orí kẹ̀kẹ́ níbi tí ilẹ̀ kò ti lè gbá a lẹ́sẹ̀ mọ́, èémí tó kó jọ nínú eré sísá sì gbé e dé ipò kẹta nínú ìje àgbáyé ní Innsbruck ní 2018, àti ipò kìn-ín-ní lórí òkè Puy de Dôme nínú Tour de France 2023.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní: Zersenay Tadese ńkọ́? Ìbéèrè tó dára ni. Ọmọ Eritrea ni, ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ bí a ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ fi díje kó tó yà sí eré sísá nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Ní Athens ní 2004 ó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú eré 10,000 mítà, èyí tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ Olíńpíìkì àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní Lisbon ní oṣù kẹta ọdún 2010, ó sá ìdajì eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní ìṣẹ́jú 58 àti àáyá 23, kò sì sí ẹni tó sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé títí di ìgbà náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ara rẹ̀, ọ́síjìn tó lè lò pọ̀ dáadáa, mílílítà 83 fún kílò kan ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n àwọn agunkẹ̀kẹ́ ńlá mìíràn ní irú rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé mílílítà ọ́síjìn 150 péré ni kílò kan ara rẹ̀ ń ná lórí kìlómítà kan. Ó dà bí ọkọ̀ tí kì í jẹ epo. Ara tó fúyẹ́, ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó tín-ín-rín, àti ọ̀pọ̀ ọdún lórí ilẹ̀ ló bí i. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó gba nọ́ńbà ìje lóṣù kejìlá láti sá lóṣù kejì kò lè fi Tadese ṣe ẹ̀rí.

Bí mo ṣe gbà pé kí a ṣe é nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún méjì, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí koríko pápá tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe orí títì ọ̀dà. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: ẹ sá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ rin ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọgbọ̀n. Yóò dà bí eré ọmọdé lójú yín, èémí yín á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ fi kún un. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má sá ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara. Iṣẹ́ èémí, orí kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi sí, kí ẹ máa gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń ka kìlómítà mẹ́ta kẹ̀kẹ́ sí kìlómítà kan eré sísá. Ọkàn lè gba ìṣirò yẹn. Egungun kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ kúrú ìṣísẹ̀ yín. Agunkẹ̀kẹ́ máa ń na ẹsẹ̀ jù, á sì fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá: bí kò bá tó 42, ìṣísẹ̀ yín ti gùn jù. Lójoojúmọ́ tí ẹ kò bá sáré, ẹ fi iwájú ẹsẹ̀ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara sókè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. 15 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ fi okùn fífò kún un, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọ̀rọ̀ ooru kò gùn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní kìlómítà 35 ní wákàtí kan ń dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, òógùn rẹ̀ ń gbẹ. Ẹni tó ń sá kìlómítà 11 ní wákàtí kan lórí afárá Third Mainland kò rí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí igi níbẹ̀. Oúnjẹ àti omi tí inú ń gbà lórí kẹ̀kẹ́, inú tó ń mì sókè-sódò kì í gbà á tán. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mu ún, kí ẹ sì ti dán an wò ṣáájú ọjọ́ ìje.

Ẹ kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ ìrora. Èyí tó bá tàn ká ojúgun bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara bá ti gbóná, ẹ dín eré kù. Èyí tí ẹ lè fi orí ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí, tó ń dùn bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan fò, tó sì ń jí yín lóru, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Àwòrán X-ray kì í sábà fi egungun tó sán hàn ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan kan, ìyẹn kò ní kí ẹ padà sí ojú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láìsáré ló ń gbà, bí dókítà bá sì gbà, ẹ lè máa gun kẹ̀kẹ́ yín nìṣó bí kò bá dùn yín.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún kìlómítà 42 tí kò tíì sá ìje kìlómítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìrora ojúgun. Ẹni tó bá sì fẹ́ sá ti oṣù kejì, oṣù kẹjọ ni kí ó bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kan-kan orí koríko yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ni eléré ìje kan,
Ìbàdàn.