Àlàní, Ṣé Aṣọ Náà Ṣì Wà Lọ́rùn Rẹ?

Àlàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le. Orúnkún òsì ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ti gbọn òdòdó kajú dànù. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi bí méjì, ọ̀kan kú.

Mo pè ọ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Ọjọ́ Àìkú tí o wá gbé e, o ní, "Màámi, mo wà ní ìpàdé." Ìpàdé wo ni wọ́n ń ṣe ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí mo ń gbọ́ kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo "Nyanya, Maraba" lẹ́yìn rẹ? Mo dàgbà ni, mi ò dití.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣe sójà ní Àbújá, ló dì mí mú lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti kó kúrò ní báráàkì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo délé, ẹ̀kọ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé. Owó oṣù mẹ́ta tí kò dé, mi ò kà á. (Mo kà á, àmọ́ kì í ṣe òun ló gbé mi dìde.) Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé aṣọ sójà náà ṣì wà lọ́rùn rẹ? Bí kò bá sí, ṣé ìwọ lo bọ́ ọ, àbí wọ́n bọ́ ọ fún ọ?

O rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń sọ ìtàn Benjamin Adékúnlé lálaalẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níhà baba, tí wọ́n bí sí Kàdúná ní 1936. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1958, ó lọ sí Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Ìlú Ọba, wọ́n rán an lọ sí Kóńgò. Nígbà tó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Bonny ní oṣù keje 1967, nígbà ogun Biafra, ẹni ọdún 31 péré ni. Àkeekèé Dúdú ni wọ́n ń pè é! Bàbá rẹ wà lára àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ò tíì hù dáadáa nínú Third Marine Commando, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń darí. Ó wà níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1968 tí wọ́n gba Port Harcourt. Á ní, "Tí ọ̀gá bá ké, ìbọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni." Ẹ̀yin ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

Port Harcourt ni ìtàn bàbá rẹ máa ń parí sí. Èyí tó kù, kì í sọ ọ́. Ní 1969, wọ́n mú Adékúnlé kúrò nípò, wọ́n fi Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1974, wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òwò igbó mímu kan, ó ní òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n fi tipátipá ní kó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún 38. Oṣù kẹsàn-án 2014 ló tó kú. Bá mi ṣírò ẹ̀: ọdún 16 nínú aṣọ, ọdún 40 lẹ́yìn aṣọ. Ogójì ọdún, Àlàní! Ta ló ń sọ ìtàn ogójì ọdún yẹn fún ọmọ?

Lálẹ́ ọjọ́ tí rédíò kéde ikú rẹ̀, bàbá rẹ ń jẹ àmàlà. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu àti ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Ó dìde, ó so ẹsẹ̀ pọ̀, ó dúró gbọnin níwájú rédíò, ewédú ń kán láti ìka rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó jókòó ni mo fi àkísà nu ilẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 1992 tí bàbá rẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó gbé àpótí irin dúdú wọlé, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni, "Èló ni wọ́n fún yín?" Mi ò ní ẹ kú àbọ̀. Mi ò ní ẹ kú iṣẹ́ ọdún 25. Ó wò mí, ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná."

Ó ti lọ sí Oṣòdì kí ó tó wálé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́. Adìyẹ sínsìn ló kọ́. Ó fẹ́ ro ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́nà Ìlọrin, kó kọ́ ilé adìyẹ síbẹ̀, kó gbin kajú. Èmi ni mo ní ọkọ̀ akérò ni kó rà, torí pé ọkọ ọ̀rẹ́ mi kan ra tiẹ̀, owó sì ń wọlé fún wọn. Ó gbọ́ tèmi. Kò tó ọdún méjì tí dírẹ́bà fi jẹ ọkọ̀ náà dé egungun. Ẹ̀yìnkùlé wa ló kú sí, adìyẹ ń yé sínú ẹ̀. Bàbá rẹ kò fi bú mi lọ́jọ́ kan títí ó fi kú. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Kajú tó padà fi àdá àyálò gbìn ni mo ń tà jẹun lónìí.

O mọ bó ṣe máa ń jí ní aago márùn-ún, tí á lọ káàkí rẹ̀ tó ti ṣá, tí á kun bàtà, tí á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ó ń dúró de kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Èmi náà ń bínú owó ọkọ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ìyàwó rẹ ní o ti lọ sí pàrédì. Lójoojúmọ́? Lọ́jọ́ Sátidé? Ṣé o ń múra láràárọ̀ lójú àwọn ọmọ, tí o ń lọ jókòó sí gáréèjì kan di alẹ́? Olórí kunkun ni ọ́, bàbá rẹ lo jọ. Bí ìyàwó rẹ náà kò bá mọ̀, sọ fún un lónìí, kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ará báráàkì. Má sì ra ọkọ̀ o. Ẹni yòówù tó bá ní kó o ra ọkọ̀, ìbáà jẹ́ èmi.

Bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa fún mi, pè mí kí o bú mi, inú mi á dùn.

Mo ti ní kí káfíńtà tún ilẹ̀kùn yàrá iwájú ṣe. Àpótí irin náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, eku ti jẹ etí bẹ́rẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ. Wá wò ó. Tí o bá wọlé, mi ò ní béèrè èló.

Má rin òru, ọ̀nà Lọ́kọ́ja ò dáa. Kí o jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ò ń bọ̀, kí n lè ra ẹran sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.