Òpó tó dúró lórí kọ̀ǹpútà lè jẹ́ irọ́

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí òpó tẹlifóònù ṣe ń mì nínú ìjì la bá wá. Òpó irin kì í ṣe òkè Ìdànrè. Bí atẹ́gùn bá dé, àfi kó fì. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gé àkókò sí wẹ́wẹ́, tó ń ṣírò láti orí ègé kan bọ́ sórí òmíràn. Báwo ni ègé náà ṣe yẹ kó kéré tó? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ká ní òpó kan ń lo ìṣẹ́jú àáyá 0.8 láti fì lọ fì bọ̀. Ẹni tó lo ègé 0.01 á rò pé òun ti ṣọ́ra. Ọgọ́rin ègé ló kúkú wà nínú ìfì kan. Ṣùgbọ́n òpó kan náà ní ìmì mìíràn tó yára ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọ̀pá kúkúrú kan ṣoṣo tó le, tí kò wúwo, ti tó láti bí irú rẹ̀. Bí èyí tó yára jù bá ń gba 0.02, tí ẹ sì ń lo central difference (ọ̀nà ìṣírò tó ń fi ibi tí òpó wà nísinsìnyí àti ibi tó wà ní ègé tó ṣáájú mọ ibi tó máa wà ní ègé tó kàn), ègé yín kò gbọdọ̀ ju 0.02 tí a fi π pín lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.0064. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo 0.01 ti kọjá ààlà nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ìfì inú ìṣírò á fi gùn ju òpó fúnra rẹ̀ lọ!

Ọ̀nà ìṣírò mìíràn tí ẹnjiníà Newmark gbé jáde lọ́dún 1959, pẹ̀lú béta 1/4 àti gáámà 1/2 (nọ́ńbà méjì tí ẹni tó ń ṣírò máa ń yàn fún un), kì í dàrú báyìí, bó ti wù kí ègé tóbi tó, bí líle òpó kò bá ti ń yí padà. Ni àwọn kan bá sọ ọ́ di gbogboǹṣe. Àìdàrú yàtọ̀ sí òótọ́ o. Bí ègé bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá ìfì kan, ìfì náà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ ìdá ogún, àṣìṣe náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà Newmark yìí kì í sì í pa ariwo àwọn ìmì kéékèèké tó yára jù. Ẹni tó bá gbé gáámà ga ju 1/2 lọ á rí i pa, àmọ́ ìpéye ìṣírò á dín kù. Ọ̀nà Hilber, Hughes àti Taylor ti 1977 sàn fún irú iṣẹ́ yẹn.

Níbi tí wáyà tó di òpó mú bá ti ń dẹ̀ tó tún ń le, ẹ tún ìṣírò ṣe nínú ègé kọ̀ọ̀kan títí agbára á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ègé sí méjì, kí ẹ ṣírò látìbẹ̀rẹ̀. Bí ìfì orí òpó bá yí padà gidi, ẹ tún un gé.

Àwa ẹnjiníà kan,
Alágbàká, Àkúrẹ́.