Bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tí báàlù ń dà sílẹ̀: àtúnṣe sí àpilẹ̀kọ yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ohun ìjà ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá dùn ún kà, wọ́n sì ṣì ń jiyàn lé e lórí nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn l'Adó-Èkìtì níbí. Àmọ́ ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tí báàlù ń dà sílẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ọmọ iléèwé ń gé ojú ìwé yín lẹ̀ mọ́ ìwé wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Ẹ ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi párásúùtì sọ àwọn ńlá ńlá sórí Lọ́ńdọ̀nù ní 1940. Lóòótọ́, bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ni àwọn ará ìlú náà ń pè é, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù inú òkun ni. Wọ́n ṣe é kó lè wà nísàlẹ̀ omi, kó máa dúró de ọkọ̀ ojú omi onírin. Ọ̀kan nínú wọn já sínú ẹrẹ̀ etí omi ní Shoeburyness ní oṣù kọkànlá 1939, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú u palẹ̀, wọ́n sì rí i pé irin ara ọkọ̀ ló ń ta á jí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Jámánì wá ń sọ ọ́ sórí ìlú. Èyí tó tóbi jù nínú wọn tó 1,000 kílò, tó bá sì ti kanlẹ̀, aago inú rẹ̀ á ka ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó di gbàù. Bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ló ń dúró dè.

Ọdún 1940 yẹn náà ni ti gidi bẹ̀rẹ̀ o, kàn jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ni. Ítálì ní ọ̀kan tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi fíláásìkì omi gbígbóná, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa pè é ní Thermos. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin. Aṣálẹ̀ apá àríwá Áfíríkà ni wọ́n dà á sí. Kì í bú tó bá bọ́ sílẹ̀, á kàn sùn síbẹ̀ ni, ẹni tó bá mì í ló máa bá a lọ. Ti Jámánì ni SD-2, tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹbù labalábá. Kílò méjì ni, ẹ̀tù inú rẹ̀ kò sì ju 225 gíráàmù lọ. Àpótí kékeré máa ń gba 23, ńlá máa ń gba 108. Bí àpótí bá ti ṣí lófurufú, páànù tó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan á là, á di ìyẹ́. Atẹ́gùn á máa yí ìyẹ́ náà, yíyí yẹn ló sì ń tú ohun tó dè fíúsì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta iná sí ẹ̀tù. Oríṣi fíúsì mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan ń bú lókè tàbí bó bá ṣe ń kanlẹ̀, ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú kó tó bú, ẹ̀kẹta kì í bú rárá àfi tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wá da àwọn oríṣi náà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá rí èyí tí kò bú kò ní mọ̀ bóyá ó ti kú ni tàbí òun ló ń dúró dè.

Ní òru 14 oṣù kẹfà 1943, wọ́n dà á sórí Grimsby àti Cleethorpes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó há sórí igi, ó há sórí òrùlé, ó já wọ inú ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ni kò kú nígbà tí báàlù ń fò lórí wọn. Ìgbà tí síréènì ti ní ewu ti kọjá, tí kálukú jáde síta, ni ó pa wọ́n. Ìjọba ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn kọ ọ́, kí Jámánì má baà mọ bó ṣe jẹ́ tó. Ní erékùṣù Malta, ogun ti parí láti ọdún 36 nígbà tí ọ̀kan pa ọkùnrin kan ní 1981. Ó rí i bí agolo irin lásán, ó jó o mọ́ páìpù kó fi ṣe òòlù. Ẹ̀yin ajórin tó ń gba irin àlòkù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láìbéèrè ibi tó ti wá, ẹ̀yin ni mò ń wò o.

Amẹ́ríkà da SD-2 yìí kọ, wọ́n sọ ọ́ ní M83. Àmọ́ Vietnam àti Laos ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ti mílíọ̀nù. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Inú igbó Laos ni Àríwá Vietnam ń gbà kó ẹrù ogun lọ sí Gúúsù, ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn, kò sí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó máa rìn wọ ibẹ̀ lọ gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan kó tó ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀. Báàlù nìkan ló lè ṣe é. Èyí tí wọ́n pè ní Gravel jẹ́ àpò aṣọ kékeré, ẹ̀tù ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lead azide (kẹ́míkà tó ń yára bú) àti ìgò lílọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ìgò á ha lead azide, iná á sọ. Ó léwu débi pé inú Freon ni wọ́n ń rì í sí kó má baà bú mọ́ àwọn tó gbé e nínú báàlù. Freon yìí jẹ́ irú kẹ́míkà tó wà nínú fíríìjì àtijọ́. Tó bá ti dé ilẹ̀, Freon á fẹ́ lọ, ó di ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tó ń bú. Ìgbà yẹn náà ni Dragontooth jáde, ike kékeré kan tó ní ìyẹ́.

Dragontooth yìí ló bí PFM-1 ti Sófíẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni mo ti bá yín jà jù. Ẹ ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bí ohun ìṣeré kí àwọn ọmọ Afghanistan lè mú un. Ohun tí ayé ń sọ nìyẹn ní àwọn ọdún 1980. Àmọ́ ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ike ni gbogbo ara rẹ̀, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ó wọn 75 gíráàmù péré. Apá kan tín-ín-rín, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Apá kejì ki, ẹ̀tù olómi 37 gíráàmù ló wà níbẹ̀. Fíúsì wà láàárín. Kò ní párásúùtì, apá tín-ín-rín yẹn ló ń mú kó máa yí bọ̀ nílẹ̀ bí èso arère ṣe ń yí fírífírí bọ̀ látorí igi, kó má baà já gbì kó fọ́, kó sì lè fọ́n káàkiri. Amẹ́ríkà ti ṣe irú ìyẹ́ yìí ṣáájú wọn nítorí ohun kan náà. Nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀ gan-an ni fíúsì rẹ̀ ti ń jí díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti gbaradì.

Mi ò fi ìyẹn gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ń pa ọmọdé, bó ṣe ń pa wọ́n sì yẹ kí ẹ kọ ju ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré lọ. Bí a bá tẹ apá tó ki, ẹ̀tù olómi náà á ti fíúsì síwájú, ibi tó bá sì tì í dé, kò ní padà mọ́. Ọmọ kan lè mú un kó fún un díẹ̀, kó gbé e fún èkejì, kí òun náà fún un díẹ̀, kó wá bú mọ́ ẹ̀kẹta lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó rí i pé àwọn ọmọ ti ń fi ṣeré á gbà pé ó ti kú. Kò sì sí bí a ṣe lè pa fíúsì rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jí. Ibi tó bá wà ni wọ́n ń gbé ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí méjèèjì bú pọ̀. Èyí tí wọn ò tíì lò pàápàá ń yọ ìjọba lẹ́nu, torí kò ṣeé tú palẹ̀, èéfín ẹ̀tù olómi náà sì lóró. Belarus jogún ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ Sófíẹ̀tì, 2017 ni wọ́n tó rí i run tán.

Ẹ wá ṣírò iye tó ń jáde. Hẹlikọ́pítà Mi-8 kan ń gbé káséètì 116, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù náà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 64, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,424. Ọmọ ogun tó ń fọwọ́ ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ lè yà á sórí pépà pé láti ẹsẹ̀ igi báyìí, ìlà mẹ́ta, ìṣísẹ̀ méjì láàárín. Ta ló máa ya 7,424 tí atẹ́gùn ń gbé lọ, tí wọ́n ń yìnbọn sókè sí awakọ̀ náà, tó kàn fẹ́ yára kúrò níbẹ̀? Àgbàrá òjò àkọ́kọ́ á sì tún kó ike 75 gíráàmù kúrò níbi tó bọ́ sí, á gbé e lọ sódò tàbí sójú ọ̀nà oko. Èyí ló burú jù lójú tèmi, ju ìrísí rẹ̀ lọ fíìfíì. Àdéhùn Geneva ti 1980 rí i, ó ní ẹni tó bá máa dà á láti òkèèrè gbọ́dọ̀ lè kọ ibi tó bọ́ sí sílẹ̀ dáadáa, tàbí kí bọ́ǹbù náà ní ohun tó máa pa á fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló tó, ibẹ̀ ni wọ́n ti bà á jẹ́, nítorí kíkọ ibi tó bọ́ sí sílẹ̀ le.

Èyí ló gbé wa dé ibi tí ẹ ti ní èyí tó ń pa ara rẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀. Gator tí Amẹ́ríkà dà sí Iraq àti Kuwait ní 1991 ló ṣeé fi wò ó. Àpótí CBU-89 kan gba 72 tó wà fún ọkọ̀ ogun àti 22 tó wà fún èèyàn. Wọ́n lè yí i kó pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, wákàtí 48 tàbí ọjọ́ 15. Bátìrì ló ń ṣe é. Bí bátìrì bá kọ̀, kò ní lè pa ara rẹ̀. Lóòótọ́, láìsí bátìrì, kò yẹ kó lè bú mọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, ẹni tí wọ́n ní kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ò sì lè fojú mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó náà ni yóò ṣe fọ́ wọn. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àdéhùn Geneva yẹn ní 1996 ní kí 90 nínú 100 tó wà fún èèyàn pa ara wọn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kó má sì ju ẹyọ kan nínú 1,000 tó máa ṣì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn 120 ọjọ́. Bí wọ́n bá da 100,000, òfin gbà kí 100 ṣì wà láàyè nínú oko olóko.

Àdéhùn Ottawa ti 1997 ló fi òfin de gbogbo èyí tó wà fún èèyàn, ì báà jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rì í tàbí báàlù ló dà á. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 2001. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò wọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn òǹkàwé rò pé irú èyí ló wà ní Borno. Àwọn tó ń jagun níbẹ̀ ń fọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn ni, wọ́n ń rì í sójú ọ̀nà. Ohun kan náà ni kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ Èkìtì tó ń kó ọjà lọ síbẹ̀: tí wọ́n bá rí ohun tí kò yé wọn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tọ ipasẹ̀ ara wọn padà, kí wọ́n fi igi tàbí aṣọ sàmì sí ibẹ̀ láti òkèèrè, kí wọ́n sọ fún ṣọ́jà. Kí wọ́n má sọ òkúta lù ú. Kí wọ́n má sì dáná sun igbó ibẹ̀, torí iná lè mú kí díẹ̀ bú, kí èyí tó kù sì wà lábẹ́ eérú.

Bí ẹ bá máa tẹ àtúnṣe yìí, ẹ yọ àwòrán tí ẹ fi sí i lọ́jọ́sí. Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ débi pé PFM-1 tóbi tó àwo iyán. Ẹ wá èyí tí wọ́n gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì